Kò Di Dandan Kí Bárakú Bá Ara Kú: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Jíjáwọ́ Nínú Sìgá àti Ìtọ́jú Tó Lè Ranni Lọ́wọ́

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin oníṣègùn àti nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ní pàtàkì jù lọ, ẹ̀yin tí ẹ ń mu sìgá lọ́wọ́lọ́wọ́ tí ẹ sì tún yọjú síbi ìpàdé yìí, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ kú ìjókòó. Mo dárúkọ àwọn tó ń mu sìgá lọ́tọ̀ nítorí mo mọ̀ pé kò rọrùn fún wọn láti wá jókòó sáàárín àwùjọ tó fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí sìgá. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìbáwí ni wọ́n máa ń bá níbẹ̀. Èmi kò wá bá ẹnikẹ́ni wí lónìí. Ohun tí mo wá sọ ni pé ìtọ́jú wà, pé ìtọ́jú náà ń ṣiṣẹ́, àti pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó lò ó tí wọ́n ní kò ṣiṣẹ́ ni kò rí ẹni kọ́ wọn bí a ṣe ń lò ó.

Kí ni à ń pè ní bárakú?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ kan tí gbogbo wa ń lò. Bí ohun kan bá ti wọ èèyàn lára débi pé kò lè fi í sílẹ̀ mọ́, a ó ní ó ti di bárakú fún un. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ohun tí yóò bá ara kú ni, ohun tó jẹ́ pé ọjọ́ tí ara bá kú ni òun náà yóò tó lọ. Àwọn baba wa kò purọ́ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ ọ́, kò tíì sí oògùn tó mọ ojú àìsàn yìí. Lónìí, ó ti wà. Àwọn àgbà kan náà ló sì sọ pé àrùn la ń wò, a kì í wo ikú. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ dáhùn nìyí: ṣé àrùn ni bárakú sìgá, àbí ìwà?

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kan mu sìgá fún ohun tó lé ní 20 ọdún. Mo rántí àárọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n kó gbogbo páálí sìgá tó kù nínú ilé, tí wọ́n rọ omi sí i, tí wọ́n sì dà á nù níṣojú gbogbo wa. Wọ́n búra. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, wọn kò sùn. Lọ́jọ́ kejì, ìyàwó wọn kò lè bá wọn sọ̀rọ̀ kí wọ́n má jágbe mọ́ ọn. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo bá wọn lẹ́yìnkùlé, tí iná sìgá ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú nínú òkùnkùn. Mo fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹni tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, kí ni yóò lè kó níjàánu nínú ilé? Bẹ́ẹ̀ àbúrò wọn ni mí, mo sì ti di nọ́ọ̀sì nígbà náà, ó yẹ kí n mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí títí di òní, nítorí pé ohun tí mo pè ní àìníjàánu lọ́jọ́ náà, àmì àìsàn ni, gẹ́gẹ́ bí òtútù ṣe jẹ́ àmì ibà.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara. Bí èèyàn bá fa èéfín sìgá símú, nikotíìnì inú rẹ̀, ìyẹn èròjà inú tábà tó ń sọ sìgá di bárakú, yóò gba inú ẹ̀dọ̀fóró bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀, kí 20 ìṣẹ́jú àáyá sì tó pé, ó ti dé ọpọlọ. Àwọn ohun kan wà nínú ọpọlọ tí ẹ lè fi wé ilẹ̀kùn kéékèèké, ara ló dá wọn fún iṣẹ́ tirẹ̀. Nikotíìnì ní kọ́kọ́rọ́ tó jọ ti onílé. Yóò ṣí ilẹ̀kùn náà, ọpọlọ yóò sì tú èròjà kan tí à ń pè ní dopamine jáde, èyí tó máa ń mú kí ohun kan dùn mọ́ wa débi pé a ó tún fẹ́ ṣe é. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, ọpọlọ yóò fi kún iye ilẹ̀kùn wọ̀nyí, gbogbo wọn yóò sì máa retí kọ́kọ́rọ́. Ṣùgbọ́n nikotíìnì kì í pẹ́ lára. Láàárín nǹkan bíi wákàtí 2, ìdajì èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ti lọ. Àwọn ilẹ̀kùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kígbe. Inú yóò máa bí onítọ̀hún láìnídìí, ọkàn rẹ̀ kò ní pa pọ̀ sójú kan, oorun yóò dá, ebi yóò máa pa á. Ó tan sìgá mìíràn, ara tù ú. Ṣé ẹ wá rí i pé ọ̀pọ̀ nínú sìgá tí èèyàn ń mu lójúmọ́ kì í ṣe ti adùn mọ́? Ó ń mu ún kí ara má bàa ro ó ni.

Lọ́dún 1988, C. Everett Koop, tó jẹ́ olórí oníṣègùn ìjọba Amẹ́ríkà nígbà náà, gbé ìwé kan jáde tó sọ ọ́ kedere pé ọ̀nà tí nikotíìnì fi ń di èèyàn mú jọ ọ̀nà tí hẹróìnì àti kokéènì ń gbà. Ẹ ò ní sọ fún ẹni tí hẹróìnì dì mú pé kó kàn fi ojú ṣe ọkùnrin. Kí ló dé tí à ń sọ ọ́ fún ẹni tó ń mu sìgá?

Okùn yàtọ̀ sí ọ̀bẹ

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dì mú ṣinṣin, nítorí òun ni gbogbo ìtọ́jú dúró lé. Nikotíìnì ni okùn tó so ẹran mọ́lẹ̀. Èéfín ni ọ̀bẹ. Èròjà tó wà nínú èéfín sìgá lé ní 7,000, nǹkan bíi 70 nínú wọn ló sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Ọ̀dà tó ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀fóró wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró kan náà tó máa ń jáde lẹ́nu páìpù ọkọ̀, tó ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, wà níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti wí, tábà ń pa èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 7 lọ́dọọdún, tó fi mọ́ àwọn tí kò mu ún rí àmọ́ tí wọ́n ń fa èéfín ẹlòmíràn símú. Èmi kò sọ pé nikotíìnì kò léwu rárá o. Ó léwu fún ọmọdé, ó sì léwu fún ọmọ inú oyún. Ṣùgbọ́n bí a bá lè fún ara ní nikotíìnì díẹ̀, tó mọ́, láìsí èéfín, kí a sì máa dín in kù díẹ̀díẹ̀, a ti mú ọ̀bẹ kúrò lọ́rùn ẹran ná, a ó wá fara balẹ̀ tú okùn.

Ǹjẹ́ ó ti pẹ́ jù?

Kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í gbọ́ gbólóhùn yìí: "Ó ti pẹ́ jù fún mi, nọ́ọ̀sì. Ohun tó máa bàjẹ́ ti bàjẹ́." Lọ́dún 1951, olùṣèwádìí méjì, Richard Doll àti Austin Bradford Hill, bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa àwọn dókítà ọkùnrin ní Bìrìtéènì, àwọn tó lé ní 34,000. Wọ́n kọ ẹni tó ń mu sìgá sílẹ̀, wọ́n kọ ẹni tí kò mu, wọ́n kọ ẹni tó jáwọ́, wọ́n sì ń kọ ọjọ́ ikú olúkúlùkù. Ọdún 50 ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 2004, ó hàn pé àwọn tó mu sìgá títí ọjọ́ ayé wọn pàdánù nǹkan bí ọdún 10 nínú ẹ̀mí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù. Ẹni tó jáwọ́ ní ẹni 60 ọdún gba nǹkan bí ọdún 3 padà. Ẹni tó jáwọ́ ní 50 gba 6. Ẹni tó jáwọ́ ní 40 gba 9. Ẹni tó jáwọ́ ní 30 gba fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ padà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹ̀yin tí ẹ ti lé ní 60: ọdún 3. Ta ni yóò fún yín ní ọdún 3 tí ẹ óò kọ̀?

Ara kì í sì í pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àtúnṣe. Láàárín 20 ìṣẹ́jú lẹ́yìn sìgá ìkẹyìn, ìlùkìkì ọkàn yóò ti máa rọlẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, ewu àrùn ọkàn tí sìgá gbé wá yóò ti dín kù dé ìdajì.

Mo fẹ́ dá àwọn tó ń sọ pé "mo ti dín in kù sí ẹyọ kan lójúmọ́" lóhùn pẹ̀lú. Mo yìn yín fún ìsapá yín. Ṣùgbọ́n ní ti ọkàn, ẹyọ kan lójúmọ́ ṣì gbé nǹkan bí ìdajì ewu tí 20 lójúmọ́ gbé. Bí dídínkù bá jẹ́ ọ̀nà tí ẹ ń gbà lọ síbi jíjáwọ́, ó dára. Bí ibi tí ẹ fẹ́ dúró sí bá nìyẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe dúró síbẹ̀.

Ìtọ́jú tó wà, àti bí a ṣe ń lò ó

Nínú 100 èèyàn tó dá gbìyànjú láti jáwọ́ láìsí oògùn àti láìsí olùrànlọ́wọ́, nǹkan bí 3 sí 5 ni yóò ṣì wà láìmu sìgá lẹ́yìn oṣù 6 sí ọdún kan. Ìtọ́jú tó péye pẹ̀lú ìmọ̀ràn lè sọ iye yẹn di ìlọ́po 2, kódà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2024, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà jáde fún ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tó fẹ́ jáwọ́ nínú tábà, wọ́n sì dárúkọ oríṣi oògùn mẹ́rin: àwọn tó ń fún ara ní nikotíìnì láìsí èéfín, varenicline, bupropion, àti cytisine.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ṣingọ́ọ̀mù nikotíìnì, torí òun ni mo ti rí èèyàn ṣì lò jù. Ní Sweden ni ọgbọ́n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1967. Wọ́n ṣàkíyèsí pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ ogun abẹ́ omi, níbi tí kò ti sáyè láti tan sìgá, máa ń fi tábà sẹ́nu dípò rẹ̀, ara wọn sì ń balẹ̀. Ove Fernö, tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ oògùn kan níbẹ̀, ló wá sọ ọ́ di ṣingọ́ọ̀mù.

Bàbá kan wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n sọ páálí ṣingọ́ọ̀mù náà sórí tábìlì, wọ́n ní ìyà gbáà ni. Ó ń jó wọn lọ́fun, ó ń mú wọn ṣe òsúkè, inú ń rú wọn. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jẹ ẹyọ kan níṣojú mi. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́nu, wọ́n ń jẹ ẹ́ kíákíá, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń lọ sókè sódò, wọ́n sì ń gbé itọ́ rẹ̀ mì. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Ẹran inú ẹnu ló yẹ kó fa nikotíìnì yẹn, kì í ṣe ikùn. Èyí tó bá lọ síkùn kò ní ṣiṣẹ́ dáadáa, yóò sì máa ta ọ̀fun. Mo ní, "Bàbá, ẹ rọra jẹ ẹ́ títí ẹ ó fi gbọ́ tí ó bá ń ta yín lẹ́nu bí ata. Ẹ dúró. Ẹ fi sáàárín ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti èrìgì. Bí títa náà bá lọ, ẹ tún un jẹ díẹ̀, kí ẹ sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì." Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún nǹkan bíi 30 ìṣẹ́jú. Òsúkè kò wá. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Kí ló dé tí kò sẹ́ni tó sọ fún mi?" N kò ní èsì. Ẹ fi èyí kún un: ẹ má mu kọfí tàbí omi èso ní 15 ìṣẹ́jú kí ẹ tó jẹ ẹ́, nítorí kíkan tó wà nínú wọn kò ní jẹ́ kí ẹnu fa nikotíìnì náà. Ẹni tó bá ń tan sìgá àkọ́kọ́ láàárín 30 ìṣẹ́jú tó jí, èyí tó ní mílígíráàmù 4 ló tọ́ sí i. Ẹni tó bá ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, mílígíráàmù 2 tó o.

Èkejì ni ìlẹ̀mọ́ra nikotíìnì, tó dà bíi pílásítà. Àárọ̀ ni à ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara, níbi tó gbẹ tí kò nírun, a sì ń pààrọ̀ ojú ibẹ̀ lójoojúmọ́ kí awọ ara má bàa máa yúnni. Ẹni tó bá ń mu ju 10 lọ lójúmọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí mílígíráàmù 21 fún ọ̀sẹ̀ 6, yóò wá sọ̀kalẹ̀ sí 14, lẹ́yìn náà sí 7. Bí àlá burúkú bá ń yọni lẹ́nu, ẹ yọ ọ́ lálẹ́. Àṣìṣe tí mo ń rí ni pé bí ara bá ti balẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn èèyàn á yọ ọ́ sọnù, wọ́n á ní àwọn ti bọ́. Okùn kò tíì tú. Ẹ lò ó pé.

Ìlẹ̀mọ́ra máa ń fún ara ní nikotíìnì díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ṣùgbọ́n kò yára tó láti pa òùngbẹ sìgá tó bá dé lójijì. Ṣingọ́ọ̀mù yára ju ìlẹ̀mọ́ra lọ, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ lára. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìwádìí ti fi hàn léraléra pé lílo méjèèjì pọ̀ dára ju lílo ẹyọ kan lọ.

Varenicline kò ní nikotíìnì nínú. Ẹ rántí ilẹ̀kùn àti kọ́kọ́rọ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ ni varenicline náà, ṣùgbọ́n ó máa ń ṣí ilẹ̀kùn náà dé ìdajì ni, yóò wá dúró sínú ihò kọ́kọ́rọ́ kí nikotíìnì má rí àyè wọlé. Nítorí náà, òùngbẹ sìgá á rọlẹ̀, bí èèyàn bá sì ṣèèṣì mu sìgá, kò ní dùn mọ́ ọn lẹ́nu bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tí a dá láti jáwọ́ ni à ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a sì ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ 12. Ó máa ń rú àwọn kan nínú, pàápàá bí wọ́n bá lò ó láìjẹun. Ẹ jẹun, kí ẹ sì fi omi tó kún ife mì ín. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò pé gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà, kí wọ́n lè dín ìwọ̀n rẹ̀ kù. Ẹ̀rù ti ba ọ̀pọ̀ èèyàn nígbà kan pé ó ń da orí èèyàn rú. Àyẹ̀wò ńlá kan jáde lọ́dún 2016 tí àwọn tó lé ní 8,000 kópa nínú rẹ̀, tó fi mọ́ àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ, kò sì rí i pé ó fi ewu kún tiwọn ju oògùn tí kò ní nǹkan kan nínú lọ lọ́nà tó ṣe é tọ́ka sí. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà yọ ìkìlọ̀ tó le jù kúrò lára páálí rẹ̀. Síbẹ̀, bí ìwà yín bá yí padà lójijì lẹ́nu rẹ̀, ẹ kàn sí dókítà yín.

Bupropion ni tèmíràn. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe, ó sì lè má jẹ́ kí èèyàn tètè sùn. Ẹni tí gìrì tàbí wárápá ti ṣe rí kò gbọdọ̀ lò ó. Cytisine ti wà tipẹ́: àti ọdún 1964 ni wọ́n ti ń tà á ní Bulgaria. Inú igi kan tí wọ́n ń pè ní laburnum ni wọ́n ti ń rí i, bí varenicline ló sì ṣe ń ṣiṣẹ́. Igi náà fúnra rẹ̀ ní májèlé. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lọ gbo ewé tàbí èso rẹ̀ mu.

Èwo wá ni kí a yàn? Ìka tó bá tọ́ símú ni a fi ń ro imú. Aboyún kò gbọ́dọ̀ yan èyíkéyìí fúnra rẹ̀, ìmọ̀ràn ojúkojú ni a kọ́kọ́ ń fún un. Ẹni tó ń lo oògùn mìíràn, pàápàá clozapine tí wọ́n ń lò fún àìsàn ọpọlọ, tàbí theophylline tí wọ́n ń lò fún ikọ́ fée, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó jáwọ́, nítorí èéfín sìgá máa ń mú kí ara tètè jó oògùn wọ̀nyí dà nù. Bí sìgá bá lọ, ìwọ̀n oògùn tó ti ń bára mu tẹ́lẹ̀ lè di àpọ̀jù. Ní ti sìgá oníbátìrì, ẹ̀rí wà pé ó ti ran àwọn kan lọ́wọ́ láti fi sìgá gidi sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nínú oògùn mẹ́rin tí mo kà yẹn. Ẹni tí kò bá mu sìgá rí kò ní ohunkóhun í fi ṣe.

Oògùn nìkan kò tó

Ẹ dá ọjọ́ kan. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnì kan tí kò ní fi yín rẹ́rìn-ín. Ẹ kó eérú, àwo eérú àti iná ìṣáná kúrò nínú ilé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2 sí 4, ara yóò ti máa lélẹ̀. Òùngbẹ sìgá kọ̀ọ̀kan kì í sì í ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ, bó ti wù kó le tó. Ẹ dìde, ẹ rìn, ẹ mu omi, ẹ pe ẹni náà lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ ló máa ń sanra díẹ̀, nǹkan bíi kílò 4 tàbí 5 láàárín ọdún kan. N kò ní fi èyí pa mọ́ fún yín. Ó ṣe é mójú tó lẹ́yìn náà.

Bí ẹ bá wá ṣubú ńkọ́? Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àgbà tó wo ẹ̀yìn ń wá ohun tó gbé e ṣubú ni. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣubú ní ìgbà kẹrin, n kò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, a sì jọ jókòó láti wo ẹ̀yìn. A rí i pé ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ ni. Ní ìgbà karùn-ún, wọ́n lẹ ìlẹ̀mọ́ra, wọ́n fi ṣingọ́ọ̀mù sápò, èmi sì ń pè wọ́n lórí fóònù lálaalẹ́ bí wọ́n bá ti ń jẹun tán. Nígbà mìíràn, a kì í sọ ju pé, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni?" "Ó ń yọ mí lẹ́nu, àbúrò." "Ẹ jẹ́ ká jọ dúró dè é kó lọ." A ó dákẹ́ sórí fóònù títí yóò fi lọ.

Ó ti pé ọdún 11 báyìí. Bí a bá jọ jẹun tán, mo ṣì máa ń rí ọwọ́ ọ̀tún wọn bó ṣe ń lọ sí àpò àyà ẹ̀wù, níbi tí páálí sìgá máa ń wà. Yóò fọwọ́ kan ibẹ̀, yóò bá a lófìfo, yóò sì padà sórí itan. Àwọn fúnra wọn kì í mọ̀.

Mo rí àwọn ọwọ́ tó ti ń nà sókè lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìbéèrè yín.